Iná Tó Wà Nínú Ògiri Màmá

Ilé Kejìlá,
Òpópónà Ilé-Ẹ̀kọ́,
Lẹ́yìn Ilé Omi.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ọrùn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí kékeré tí kì í jẹun àfi tí wọ́n bá ń fi ṣíbí sá tẹ̀ lé e káàkiri yàrá? Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ṣé irun ṣì ń hù lórí àwọn èèyàn fún ọ gé? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú ìnáwó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa ara wa.

Jókòó ná. Tí oníbàárà bá wà lórí àga rẹ, gé irun rẹ̀ tán kí o tó ka ìyókù, torí mi ò fẹ́ kí o fi abẹ gé etí ọmọ ọlọ́mọ. Màmá wà láàyè, ara wọn sì yá. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já. Àyà tèmi ló já, kò sì tíì padà sí àyè rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, mi ò ní lè sọ ọ́ dé ìdajì kí n tó bú sẹ́kún, ìwọ náà a sì máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹni lẹ́nu.

O ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ ògiri yẹn, torí ìwọ náà wà lára àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà àìsàn ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá ti kúrú. Ìyá tó jẹ́ pé tí a bá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, mẹ́wàá ni wọ́n ń fi dáhùn, wá di ẹni tó ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, tí wọ́n á sì dákẹ́ lọ gbári. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni gbólóhùn náà ti jẹ́ ọ̀kan náà: iná wà nínú ògiri yìí. Tí a bá kí wọn kú àárọ̀, iná wà nínú ògiri. Tí àlejò bá yà wá, kí ó tó rí àga fi ìdí lé, iná wà nínú ògiri.

Kí ni àwa ń fi dá wọn lóhùn? Bàbá àwọn ọmọ mi á ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, iná wà níbẹ̀, òun náà ló ń tan gílóòbù yín. Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ iná mànàmáná, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Mádàámù Fóòtì tí mo bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo tilẹ̀ jókòó ti Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fara balẹ̀ ṣàlàyé bí wáyà ṣe ń gba inú ògiri kọjá wá sí ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ó gbóná. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó tutù bí imú ajá. Mo ní, Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án, kò gbóná. Wọ́n yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọ̀ràn wá burú sí i ní ọjọ́ tí mo wọlé bá wọn tí wọ́n ń fi ife da omi sí ara ògiri, ní òkè ibi tí wọ́n ń gbé orí lé sùn, tí kò jìnnà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo fà wọ́n sẹ́yìn, ife já bọ́, gbogbo ilẹ̀ tutù. Mo bá wọn wí bí ẹni ń bá ọmọ ọdún mẹ́ta wí. Lọ́sẹ̀ yẹn náà la lọ rí dókítà. Dókítà bi mí bóyá wọ́n máa ń sọ ohun tí kò yé èèyàn. Mo ní ṣebí ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn, wọ́n ń sọ pé iná mànàmáná wà nínú ògiri, wọ́n sì ń bá a jà. Dókítà mi orí. Ó ní òun ti rí irú wọn, pé ọ̀pọ̀ àgbà tí ọpọlọ wọn bá ti ń rẹ̀ máa ń rò pé iná mànàmáná ń lépa àwọn.

Jọ̀ọ́, padà lọ ka ohun tí mo sọ fún dókítà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi kò tètè rí i. Ó di ọjọ́ Tusidé kí ojú mi tó là.

Torí ohun tí dókítà sọ ni èmi, ìwọ àti Bàbá àwọn ọmọ mi fi fẹnu kò pé kí Màmá lọ máa gbé ní ilé ìtọ́jú àgbà tó wà lẹ́yìn afárá. Wọ́n ti fún wa ní yàrá, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ní ká mú wọn wá. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọn ò janpata. Wọ́n kàn ní iná wà nínú ògiri yìí.

Ní Tusidé, mo yá míta ìwọnná ilé ẹ̀kọ́ wa wálé. Má rò pé mo gbà wọ́n gbọ́ o. Ohun méjì ló mú mi gbé e wá. Àkọ́kọ́, hítà tí o rà ránṣẹ́ sí wọn kì í mú yàrá náà gbóná dáadáa, mo sì ti bú ọ nínú ọkàn mi tán pé ọjà gbàrọgùdù lo rà fún ìyá rẹ. Ìkejì, mo fẹ́ fi han Màmá lójú ara wọn, kí wọ́n tó kúrò nílé mi, pé kò sí nǹkankan nínú ògiri, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ níbi tí wọ́n ń lọ.

Má sá o. Mo mọ̀ pé ìwọ àti ìṣirò kì í jọ bu òkèlè nínú àwo kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìṣirò kan ṣoṣo lo máa gbọ́ yé láyé rẹ, jẹ́ kó jẹ́ èyí. Fóòtì ni ipá tó ń ti iná mànàmáná lọ nínú wáyà. Ámípù ni bí èyí tó ń ṣàn kọjá ṣe pọ̀ tó. Tí o bá fi ámípù pín fóòtì, ìdènà ló máa jáde, ìyẹn bí nǹkan náà ṣe ń fún iná lọ́rùn tó, óòmù la fi ń kà á. Tí o bá sọ fóòtì di púpọ̀ ní iye ámípù, agbára ló máa jáde, ìyẹn bí ooru tàbí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ wá ṣe pọ̀ tó, wáàtì la fi ń ka ìyẹn. Pín, o rí ìdènà. Sọ ọ́ di púpọ̀, o rí agbára. Gbogbo owó tí wọ́n ń san fún mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo kọ́kọ́ gbé hítà rẹ lọ sí kíṣínì. Fóòtì igba ó lé ọgbọ̀n, ámípù méjìlá. Mo pín in, ó lé díẹ̀ ní óòmù mọ́kàndínlógún. Mo sọ ọ́ di púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rìnlá wáàtì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Hítà náà dára, má bínú èébú tí o ò gbọ́. Mo wá gbé e padà sí yàrá Màmá, mo tàn án, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, ìyẹn àsìkò tí wọ́n sábà máa ń tàn án. Màmá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Míta ní ámípù mẹ́wàá. Mo wọn fóòtì ní ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní igba ó dín mẹ́wàá. Mo pín in: óòmù mọ́kàndínlógún. Hítà kan náà, ìdènà kan náà, ìyẹn tọ́. Àmọ́ níbo ni ogójì fóòtì wọlẹ̀ sí?

Mo rò pé bóyá iná ló kéré sí i láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún wa níná. Mo jáde lọ sí ìdí bọ́ọ̀dù iná lẹ́nu ọ̀nà, hítà ṣì wà ní títàn, mo wọ̀n ọ́n. Igba ó lé ọgbọ̀n géérégé. Mo padà sí yàrá, igba ó dín mẹ́wàá. Bàbá àwọn ọmọ mi tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ní kí ló ń lé mi kiri. Mo dúró sí kọ́ọ̀rídọ̀ mo fi pẹ́ńsùlù ṣírò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jí ìwé wò. Ogójì fóòtì, ámípù mẹ́wàá. Pín in, óòmù mẹ́rin. Wáyà tó dára tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ní ìdajì óòmù kan pàápàá. Sọ ọ́ di púpọ̀.

Irinwó wáàtì.

Àbúrò mi, fóòtì kì í sọnù lásán. Ibi tó bá ti dín, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Irinwó wáàtì ń ṣiṣẹ́ ní ibì kan láàárín bọ́ọ̀dù iná àti yàrá ìyá wa, níbi tí kò sí hítà, tí kò sí gílóòbù, tí kò sí nǹkankan bí kò ṣe wáyà. O mọ gílóòbù àtijọ́, ọlọ́gọ́rùn-ún wáàtì, irú èyí tó bó ọ lọ́wọ́ ní kékeré tí o fi sunkún di alẹ́. Mẹ́rin irú rẹ̀ ló ń tàn nínú ògiri mi, kò sì sẹ́ni tó rí i.

Mo rìn wọ yàrá. Màmá gbójú sókè, wọ́n ní iná wà nínú ògiri yìí. Ohùn kan náà, gbólóhùn kan náà. Àfi bíi pé ẹnì kan yọ òwú kúrò ní etí mi. Wọn ò sọ mànàmáná rí. Láti oṣù méjì, wọn ò fi mànàmáná kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iná ni wọ́n ń wí, iná tí ń jó ilé. Àwa tí a ń gbé inú ilé tí a ń pariwo iná dé, iná lọ, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, a ti gbàgbé pé iná ni orúkọ iná. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri ní òkè ìrọ̀rí wọn. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ sá padà kí n tó mọ̀ pé ó gbóná. Ọ̀sán ni mo fọwọ́ kàn án lọ́jọ́sí, nígbà tí hítà kò sí ní títàn.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Màmá kò dákẹ́ o. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n tún un sọ, àwa la pa á mọ́ wọn lẹ́nu.

Mo pa gbogbo iná ilé. Mo pe ọkọ mi, a gbé Màmá jáde sí pálọ̀, ó mú òòlù àti irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú pákó ògiri. O rántí pé ara pálọ̀ la ti gé yàrá yẹn, pákó ni ògiri rẹ̀ níhà méjèèjì, fóòmù ni wọ́n kì sí àárín kí ariwo tẹlifíṣọ̀n má baà máa dà wọ́n láàmú. Pákó kìíní ṣí, òórùn kan jáde tí kò ṣeé ṣàpèjúwe, àfi kí o máa rántí oúnjẹ tó ti jó mọ́ ìkòkò kanlẹ̀. Wáyà méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra níbẹ̀, wọ́n fi téèpù dúdú wé e. Téèpù náà ti yọ́ dànù. Bàbà rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Igi tó gbé pákó ró ti jó wọnú, fóòmù tó sún mọ́ ọn ti súnkì di ohun líle dúdú. Láti ibi tí fóòmù náà jó dé sí ìrọ̀rí Màmá kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Mo tún rí ohun kan tí ó dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Omi tí Màmá ń dà ti gba ojú ìsopọ̀ pákó wọlé, ó ti pa ààlà sí ara igi. Ibi tí omi dé, igi kò jó. Mi ò sọ pé omi ló gbà wá là, torí omi àti iná mànàmáná kì í ṣe ọ̀rẹ́, ó lè pa wọ́n síbẹ̀. Mò ń sọ fún ọ pé ìyá wa rí iná, wọ́n pe ọmọ, ọmọ kò dáhùn, wọ́n wá lọ bu omi fúnra wọn. Ìyá yẹn ni mo pè ní wèrè níwájú dókítà.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ láàárín pákó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì la ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná tó ṣe wáyà yàrá náà, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ṣe-é-Kíá. Ó dé, ó wo inú ògiri, ó ṣí fìlà. Ó ní wáyà ni kò tó lọ́jọ́ náà, lòun bá so òmíràn mọ́ ọn. Ó ní òun rò pé ògiri á bo àṣírí. Bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, àṣírí. Mo fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ tí ń kò ní dé ọ̀dọ̀ ara mi.

Lánàá yẹn náà ni mo wọ kíláàsì. Mo kọ iná sí ojú pátákó, mo ní kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́ fún mi. Gbogbo kíláàsì ní mànàmáná. Mo ní kí ni mìíràn? Alápara kan lẹ́yìn ní eléyìí tí ń jẹ èèyàn lórí, ẹ̀rín sọ. Kò sí ẹni tó dárúkọ èyí tí ń jó. Mo nu pátákó, mo ní kí wọ́n máa ka ìwé wọn, mo jókòó.

Èyí tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé sí ọ gan-an ló kù yìí. Nírọ̀lẹ́ àná, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Mo tọrọ àforíjì, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo sọ fún dókítà. Mo ní kò sí Mọ́ńdè kankan mọ́, mo ní mo ti fẹ́ pe ilé ìtọ́jú pé a ò wá mọ́. Màmá fi ọwọ́ pa mí lórí. Wọ́n ní rárá, àwọn á lọ.

Mo rò pé inú ló ń bí wọn. Wọ́n ní inú ò bí àwọn. Wọ́n wá sọ̀rọ̀ tó gùn ju gbogbo èyí tí wọ́n ti sọ láti ọdún tó kọjá lọ, wọ́n ń sinmi láàárín rẹ̀. Wọ́n ní, “Níbẹ̀, wọn ò mọ̀ mí. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á bi mí ohun tí mò ń wí.”

Mo ní Màmá, mo gbọ́ yín báyìí, mo ti gbọ́. Wọ́n ní kí ni mo gbọ́? Wọ́n ti di ẹrù wọn sínú báàgì kékeré, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀, mò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ òkú kọjá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ti ṣọ́ọ̀bù, kí o wá kí Mọ́ńdè tó pé. Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, mọ́tò rẹ̀ ń padà bọ̀ ní Sátidé, bá a wá. Má pè wọ́n lórí fóònù. Má wá bá wọn jiyàn, má sì wá sọ fún wọn pé o mọ ohun tí wọ́n ń rò, torí àwa tí a mọ̀ ọ́n la fẹ́ fi mímọ̀ pa wọ́n. Wá jókòó tì wọ́n, kí o bi wọ́n léèrè. Tí wọ́n bá ṣì ní àwọn á lọ lẹ́yìn ìyẹn, a ó jọ sìn wọ́n dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá sì dúró, mo ti ní kí àwọn oníṣẹ́ iná wá yọ gbogbo wáyà ilé yìí kúrò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe Ṣe-é-Kíá ló sì máa ṣe é.

Bá mi kí ìyàwó wa, kó rọra máa gbé nǹkan wúwo. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá àwọn ọmọ mi kí ọ, láti ọjọ́ náà, tí Màmá bá ti sọ gbólóhùn kan, òun ló kọ́kọ́ ń pa tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ mi náà kí ọ.

Mo sọ fún Màmá pé mò ń kọ̀wé sí ọ, mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí n bá wọn sọ. Wọ́n ní, “Àárò rẹ̀ ń sọ mí.” Mo bi wọ́n pé irú àárò wo. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mi ò fi ohunkóhun kún un.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà,

Mádàámù Fóòtì.